Òpó Tó Ń Ṣí Díẹ̀díẹ̀

Ìyá Wáyà ni gbogbo àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé náà ń pè é, tàgbà tèwe. Kì í ṣe pé ó bí ẹni tó ń jẹ́ Wáyà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni, òun náà sì wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń di ìwé pọ̀ lájà kejì. Wáyà gidi ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: èyí tó máa ń gbé kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, èyí tó máa ń kún àpò ẹ̀wù rẹ̀, àti èyí tó máa ń fi há irun tí yóò sì gbàgbé síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́ nínú ilé náà, òun là á ké pè. Á dé, á dúró, á dẹ etí sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó máa ń sọ pé ẹ̀rọ kì í purọ́, ẹni tó ń lò ó ló ń purọ́.

Èmi, iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni kí n máa ka ìwé wò fún àṣìṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Akàwé ni wọ́n ń pè mí. Ìsàlẹ̀ ni tábìlì mi wà, ògiri pákó kan ṣoṣo ló sì là mí níyà pẹ̀lú yàrá ẹ̀yìn tí Ìyá Wáyà ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Èyí tí ojú mi ò tó, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì fi ibi kankan pa mọ́, kódà ibi tó dun òun fúnra rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Rédíò ni bàbá náà ń tún ṣe, àwọn rédíò ńlá ayé àtijọ́ tó dà bí àpótí aṣọ. Nígbà tí àwọn ará ilé ń sọ pé kí ló dé tó fi ń kọ́ ọmọbìnrin níṣẹ́ irin, ó ní irin gbígbóná ò béèrè ọmọ ta ni ó jó. Iṣẹ́ náà ló gbé e wọ ilé ìtẹ̀wé, níbi tó ti pàdé ọkọ rẹ̀, tí í ṣe àkọ́bí ẹni tó ni ilé náà. Ọkọ náà kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ilé ìtẹ̀wé bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, èyí tí a ń pè ní Ọ̀gá, tí ọmọ Ìyá Wáyà sì ń pè ní Bàbá kékeré.

Ìyá Wáyà fi ọdún mẹ́ta ju Ọ̀gá lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni, "ọkọ mi" ló sì ń pè é. Ọ̀gá náà á dá a lóhùn ní "ìyàwó wa," ẹ̀yin ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. N ò ní ba ọkùnrin náà lórúkọ jẹ́. Kì í ṣe ìkà. Ọjọ́ tí ìyàwó mi wà nílé ìwòsàn, òun ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ gbé mi bọ̀. Àléébù tó ní kò ju ẹyọ kan lọ: kò gbà pé nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀ lè bàjẹ́.

Bàbá wọn kọ́ ilé náà lájà méjì. Ọ̀gá ló fi ẹ̀kẹta lé e. Ìsàlẹ̀ ni bébà máa ń wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́dún kan omi òjò ya wọlé, ó ba bébà tó pọ̀ jẹ́, Ọ̀gá sì ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sókè pátápátá, níbi tí omi ò lè dé láéláé. Lóòótọ́, omi ò débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé bébà rí mọ̀ pé bébà kì í ṣe òwú. Ẹyọ kan, èémí lásán lè gbé e. Páálí kan, ọkùnrin méjì á máa mí helehele lábẹ́ rẹ̀. Páálí tó wà lókè yẹn sì ju ọgọ́rùn-ún mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ ìgébébà tuntun sí àjà kejì, irin gìrìwò bí erin.

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn tí ìka kan ń tì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Ìyá Wáyà fá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó padà sípò. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ń ha ilẹ̀.

"Akàwé," ó ké sí mi láti ẹ̀yìn pákó, "ilẹ̀kùn kì í jẹun. Kí ló ń mú èyí sanra?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ojú tọ férémù ilẹ̀kùn lọ sókè, ó tọ ògiri, títí ojú rẹ̀ fi dé orí òpó ńlá tó wà ní igun yàrá náà, níbi tí bíìmù, ìtì símẹ́ǹtì tó gbé àjà kejì ró, ti jókòó lé e. Ìlà kan wà níbẹ̀. Kò nípọn ju irun orí lọ.

Ọ̀gá pe bíríkìlà. Bíríkìlà dé, ó fi ìka kan òpó náà kó-kó-kó, ó po símẹ́ǹtì, ó rẹ́ ẹ, wọ́n fi ọ̀dà funfun lé e lórí. Ọjọ́ kẹsàn-án, irun náà yọ láàárín ọ̀dà. Ó ti gùn sí i.

"Símẹ́ǹtì tuntun ni," Ọ̀gá wí. "Ó ń gbẹ ni. Kò sí ohun tó ń gbẹ tí kì í sán."

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó mọ̀ nípa ilé."

"Ìyàwó wa, bàbá mi ló kọ́ ilé yìí. Àbí bàbá mi ni ò mọ̀ nípa ilé?"

Ìyá Wáyà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó padà sí yàrá rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè jókòó kó kọ ẹ̀yìn sí òpó yẹn mọ́. Ó yí tábìlì rẹ̀ padà. Ó ní nígbà míì òun á wò ó, á dà bíi pé ó ti ṣí sí i. Òun á tún wò ó, á dà bíi pé irọ́ ni. Ojú èèyàn, ohun tó ń bà á lẹ́rù ló ń rí. Ohun tí òun nílò ni nǹkan tí kì í bẹ̀rù, tí kì í sùn, tí kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀gá.

Bọ́ọ̀dù kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ju páálí ìṣáná lọ, irú èyí tó máa ń ṣe ọpọlọ fún ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èèyàn lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, á sì máa ṣe é láìsinmi. Tẹ́lẹ̀, ó ti kọ́ ọ láti máa ka iye bébà tó ń gba inú ẹ̀rọ ìkábébà kọjá. Ó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó wá tú ọ̀kan nínú àwọn rédíò bàbá rẹ̀, ó yọ ohun tí a máa ń fà lọ fà bọ̀ láti fi mú ohùn ròkè tàbí láti fi mú un relẹ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ara nǹkan náà mọ́ òpó, ó wá fi wáyà líle so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bíìmù òkè. Bí àlàfo àárín àwọn méjèèjì bá fi ìwọ̀n irun kan ṣí, ọwọ́ náà á sún. Bọ́ọ̀dù á mọ̀. Bọ́ọ̀dù á sì gba inú okùn sọ fún kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan tí àwọn ará ọ́fíìsì ti lò gbó, tó wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ètò nìyẹn. Ṣùgbọ́n okùn àkọ́kọ́ tó mú nínú àpótí rẹ̀ fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ó ti orí kan bọ bọ́ọ̀dù, ó ti orí kejì bọ ojú USB kọ̀ǹpútà. Iná pupa tàn lórí bọ́ọ̀dù. Kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò dé. Ó yọ ọ́, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ sí ojú kejì. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tan. Gbogbo ọ̀sán ni mò ń gbọ́ ọ tó ń mí kanlẹ̀ lẹ́yìn pákó. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀bẹ, ó là á láàárín. Wáyà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, pupa àti dúdú.

"Mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́," ó wí fún mi, ó sì fi hàn mí bí ẹni ń fi egungun ẹja han èèyàn. "Méjì fún iná, méjì fún ọ̀rọ̀. Èyí, wọ́n ṣe é láti máa gba iná sínú fóònù lásán ni. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọn ò bá a sọ̀rọ̀." Ó ju okùn náà sínú àpótí. "Mo mọ ilé tó rí bẹ́ẹ̀."

Okùn kejì ní wáyà mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà rí bọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo? Àmì ìbéèrè, lẹ́tà tó dojú dé, àpótí kékeré, ìràwọ̀.

"Akàwé, ìwọ lo mọ ìwé. Wá bá mi ka èyí."

Mo ní ìwé tí mo mọ̀ kọ́ nìyí. Ó wá rí i pé bọ́ọ̀dù ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kọ̀ǹpútà sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń sáré. Ìwọ̀n ìyára tó kọ fún ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ó tún ìlà kan ṣoṣo kọ. Gbogbo wúruwùru náà sì tò bí ọmọ ilé ìwé.

Bébà ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó ki bébà ilé ìtẹ̀wé tiwa gan-an, mẹ́wàá, lọ́kọ̀ọ̀kan, sábẹ́ ọwọ́ nǹkan náà, ó sì kọ bí nọ́ńbà ṣe ń yí sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbé sójú, ní nọ́ńbà gàgàrà tí èèyàn lè rí láti ẹnu ọ̀nà, ni iye bébà tí òpó náà fi ṣí, ìyẹn iye bébà tó lè wọ inú àlàfo náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, òdo ni.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi wà ní òdo, tí a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin tó ń di ìwé á yọjú, wọ́n á ní, "Ìyá Wáyà, ọmọ yín ti kàwé dé ibo?" Á ní òdo ló gbà. Ní ọjọ́ kẹfà, ọkọ̀ bébà dé. Wọ́n ń gbé páálí gba àtẹ̀gùn lọ sókè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn, nọ́ńbà náà yí sí ẹyọ kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, n ò sì yọjú láti rẹ́rìn-ín. Bí Baba Jẹ́jẹ́ bá tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá, nọ́ńbà á máa gbọ̀n: méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta. Bó bá pa á, nọ́ńbà á padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í padà tán. Baba Jẹ́jẹ́ yìí ló dàgbà jù nínú gbogbo wa. Ọkùnrin tínńrín kan ni, tó máa ń fa ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Òun náà wá wò ó lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀rọ mi ló ń ṣe é?" ó béèrè.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ yín nìkan, Baba. Ẹrù tó wà lókè ni."

Baba Jẹ́jẹ́ mi orí. "Ẹrù tó wà lókè," ó wí, ó sì lọ.

Nígbà tó pé bébà méje, Ìyá Wáyà mú ìwé tó ń kọ ọ́ sí, ó gun òkè lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ètè nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, nǹkan tí ẹ yọ lára rédíò ló wá ń sọ fún mi pé ilé mi fẹ́ wó?"

"Kò sọ pé ó fẹ́ wó, ọkọ mi. Ó ní ó ń ṣí ni."

"Ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé ló wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n wọlé. Ẹ jẹ́ ká parí ìyẹn ná, màá pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé. Mo ṣèlérí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni. Ká ní Ọ̀gá lé e jáde ni, ì bá mọ ohun tó máa ṣe. Ẹni tó bá ní "ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," kí lèèyàn fẹ́ wí fún un? Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó kìlọ̀ fún àwọn obìnrin tó ń di ìwé. Méjì nínú wọn ò padà wá mọ́. Ọ̀gá gbọ́, ó sì wá sí yàrá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀.

"Ẹ ń lé òṣìṣẹ́ mi sá," ó wí, ohùn rẹ̀ ò ga. "Ẹ má dán an wò mọ́."

Mọ́kànlá. Mẹ́rìnlá. Mọ́kàndínlógún.

Ní mọ́kàndínlógún, nọ́ńbà náà dúró. Ọjọ́ kan, kò yí. Ọjọ́ kejì, kò yí. Ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tí Ìyá Wáyà ń kọrin lábẹ́ èémí. Ó yọ orí sí mi, ó ní, "Bóyá òpó náà ti rí ibi tó fẹ́ fìdí lé." Mo ní àmín. Ó lọ sílé ní wọ́rọ́wọ́, ó sì sùn, oorun gidi, èyí tí kò sùn láti bí oṣù méjì.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mo rí i tó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó tì í, kò ṣí. Mo dìde, a jọ tì í. Ó fi ariwo ha ilẹ̀, ó gbà wá wọlé. A wo kọ̀ǹpútà. Mọ́kàndínlógún.

Baba Jẹ́jẹ́ ń tẹ̀wé lọ́wọ́ nínú yàrá ńlá. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ife omi tó wà lórí tábìlì ń gbọ̀n. Ìyá Wáyà na ìka sí nọ́ńbà náà.

"Kò gbọ̀n," ó wí.

"Kí ni kò gbọ̀n?"

"Nọ́ńbà. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà ò gbọ̀n."

Ó di okùn mú láti ibi tó ti jáde lára kọ̀ǹpútà, ó fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ lẹ́yìn àwọn páálí, bí ẹni ń wá ejò. Orí kejì okùn náà ò sí lára bọ́ọ̀dù. Wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ká a rogodo, wọ́n sì fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so ó, dáadáa, bí àwọn tó ń di ìwé ṣe máa ń ká òwú wọn.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ò tíì bà á nígbà yẹn. Ìtìjú ni. Òun ló kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, òun ló sì gbàgbé láti kọ́ ọ pé bí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kó ké. Ó fi nọ́ńbà tó gbọ́ kẹ́yìn sójú ni, ó ń fi hàn wá lọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta, òkú ọ̀rọ̀ la ń kà.

Ó ki okùn bọ bọ́ọ̀dù. Iná pupa tàn. Kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ ṣófo fún ìṣẹ́jú akàn díẹ̀, nọ́ńbà tuntun sì yọ.

Mọ́kànlélógójì.

Ó ké pe ọmọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó rí okùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá kékeré ló ní kí n yọ ọ́. Wọ́n ní ẹ ò sùn mọ́, wọ́n ní nǹkan yìí ló fẹ́ pa yín. Mo rò pé bẹ́ ẹ bá rí i pé ó dúró, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹ sì sùn, Màámi. Ẹ sùn lánàá."

Lójú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni nọ́ńbà náà yí sí méjìlélógójì. Kí ọmọ náà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ti di mẹ́rìnlélógójì.

"Gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde," ìyá rẹ̀ wí fún un. "Má padà gun òkè. Akàwé, ìwọ náà, jáde."

Ó lọ sídìí ibi tí iná ilé ti ń wọlé, ó fa irin ńlá náà wálẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sáré gun òkè. Mo gbọ́ ọ tó ń ní, "Ẹ bọ́ síta! Ẹ bọ́ síta!" Mo gbọ́ àwọn obìnrin tó ń béèrè pé kí ló dé, tí ọ̀kan ní, "Àfi òpó yẹn náà!" tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni obìnrin tí kì í purọ́ yìí pa irọ́ kan.

"Iná!" ó figbe ta. "Iná ń jó lẹ́yìn! Bébà ti gbiná!"

Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín bébà tí ọ̀rọ̀ yẹn kò lè fún ní ìyẹ́. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ya sí ìgboro, ẹlòmíì láìwọ bàtà. Ọ̀gá náà sọ̀ kalẹ̀ tìwétìwé. Gbogbo wa dúró ní òdìkejì títì, a ń wo òkè. Kò sí èéfín. Ilé náà dúró sójú oòrùn, ó mọ́ tónítóní, fèrèsé rẹ̀ ń dán.

"Iná dà?" Ọ̀gá béèrè.

"Kò sí iná, ọkọ mi. Òpó ni. Ó ti kọjá ogójì."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn. Ojú Ọ̀gá yí padà. Àwọn ará àdúgbò ti yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń wò ó.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó pè é ní ìwọ. "O ti ya wèrè. Má tún wọ ilé mi mọ́."

Ìyá Wáyà kúnlẹ̀ sórí títì. Ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò Ọ̀gá mú. "Mi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má wọ̀ ọ́. Wákàtí kan péré, ọkọ mi. Ẹ fún mi ní wákàtí kan, bí kò bá sí nǹkan, kí ẹ ní kí wọ́n mú mi lọ."

Ọ̀gá ò wò ó. Ó yíjú sí Baba Jẹ́jẹ́. "Baba, ẹ lọ tan iná padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tó kù á wọlé bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ."

Baba wo Ọ̀gá. Ó wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Baba, ẹ má lọ," obìnrin náà wí.

"Ìyá Wáyà, Ọ̀gá ló ní kí n lọ," Baba wí, pẹ̀lú ohùn tó fi ń kí èèyàn ní àárọ̀. "N ò ní pẹ́." Ó sọdá títì, ó ń fa ẹsẹ̀ lọ jẹ́jẹ́.

Èmi náà wà níbẹ̀. Mo ti rí nọ́ńbà náà. N ò sọ nǹkan kan. Mo ti rò ó títí, mo sì fẹ́ kí ó wà nínú ìtàn yìí.

Ìyá Wáyà dìde, ó fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn nídìí, ó dì í mú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìyá ń gbá a lọ́wọ́, ó ń jà, ọmọ ò tú u sílẹ̀. Iná tàn lójú fèrèsé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá bẹ̀rẹ̀. A gbọ́ ọ tó lù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohùn tó tẹ̀ lé e ò dún bí àrá. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ya aṣọ tuntun. Àjà kẹta jókòó lé èkejì, èkejì jókòó lé ìsàlẹ̀, eruku sì gbà wá lójú. Nígbà tí a tún ríran, àwókù ilé ló wà níwájú wa, tí bébà funfun ń já bọ́ lé e lórí láti òkè, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ó ń já bọ́ títí di ọ̀sán.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá Baba Jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó rí i. Nígbà tí àwọn aláṣẹ dé tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀, àwa tá a wà níbẹ̀ ń wo ẹnu ara wa. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Obìnrin yẹn sọ fún mi. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo rán Baba wọlé." Wọ́n mú un lọ, ó sì lo oṣù mẹ́rìnlá lẹ́wọ̀n. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ìyá Wáyà lọ kí ìyàwó Baba. Ìyá àgbà náà fún un ní àga.

"Ṣé o mọ̀ pé ó máa wó?" ìyá náà béèrè.

"Mo mọ̀, Màámi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti wà ní méje ni ara ti ń fu mí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ dájú."

"O sì sọ fún un."

"Mo sọ fún un. Mo ti purọ́ iná kó tó di pé mo sọ òtítọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi gbà mí gbọ́."

Ìyá àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó gbà ọ́ gbọ́," ó wí. "Alẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ ọ̀rọ̀ ẹrù tó wà lókè fún mi. Ó gbà ọ́ gbọ́, ó sì lọ. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn." Lẹ́yìn náà ó ní kó máa lọ ná, kó má sì tètè padà wá.

Ìyá Wáyà àti ọmọ rẹ̀ jọ ń gbé, ṣùgbọ́n odindi oṣù kan ni wọ́n fi ń kí ara wọn lásán. Kò bá a wí nítorí okùn tó yọ. Ohun tí kò lè gbé mì ni pé ọmọ náà dì í mú lórí títì. Lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ọmọ náà ní, "Màámi, bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, màá tún dì yín mú." Ìyá rẹ̀ fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sá a. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan.

Nísinsìnyí ó ní yàrá kékeré kan tó ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá pè é wo ògiri wọn. Ó ti tún ìlànà náà kọ: bí ẹnikẹ́ni bá yọ okùn báyìí, ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n, á sì máa ké títí wọ́n á fi dá a padà. Lóṣù tó kọjá, onílé kan tí ayálégbé mẹ́jọ wà nínú ilé rẹ̀ yọ okùn tibẹ̀, kọ̀ǹpútà ké, ó sì ní kí Ìyá Wáyà wá pa igbe yẹn, nítorí pé ó ń já àwọn èèyàn òun láyà. Ìyá Wáyà ní òun ò lè pa á. Onílé ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá kó nǹkan rẹ̀ kúrò ní òpin oṣù.

Bébà mẹ́fà ni nọ́ńbà tibẹ̀ dé báyìí. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, méjì ni. Ó ti lọ bá àwọn ayálégbé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti kan ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mẹ́ta ti ń wá ilé míì. Àwọn márùn-ún tó kù sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe ilé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bó ṣe dúró dáadáa.